Kí Ni O Jẹ́ sí Ọmọ Yìí?

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó ọwọ́ ni wọ́n fi ń ra èké. Ọjà tí mo fẹ́ kí a jọ ná lónìí kò sí ní Ìbàdàn, kò sì sí ní Èkó. Iwájú fèrèsé òṣìṣẹ́ Ímígíréṣọ̀n ni ó wà, ní ìlú onílùú, níbi tí àtọ̀húnrìnwá ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti ìwé ọwọ́ rẹ̀ wá àyè láti gbé. Ìlú Ọba ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó ṣòro lóde òní kí a rí agboolé kan tí kò ní ẹni kan níbẹ̀ tí ó ti kọ irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ rí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò kì í ṣe ti òfin. Ti ìwà ni. Ǹjẹ́ irọ́ ni irọ́ tí a bá pa fún ọ́fíìsì tí kò gbọ́ èdè wa, tí kò sì ní ọ̀rọ̀ tí ó tó láti fi pe ẹbí wa?

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà ka ara ènìyàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìwà kì í dúró lófuurufú. Kí a sọ pé obìnrin kan wà tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì ti gba àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Bàbá ọmọ ti lọ tipẹ́, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó wọlé sí. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni ọmọ wà, ojú ìyá àgbà sì ti ń ṣe bàìbàì. Láti ìgbà tí a ti sọ ọmọ yìí lórúkọ ni nọ́ọ̀sì yìí ti ń fi owó ránṣẹ́ sí i. ‘Ìyá Lọ́ńdọ̀nù’ ni ọmọ ń pè é lórí tẹlifóònù. Ó wá fẹ́ mú un sọ́dọ̀. Ó jókòó ti fọ́ọ̀mù, ó kan ìbéèrè kan tí ààyè ìdáhùn rẹ̀ kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ: Kí ni o jẹ́ sí ọmọ yìí?

Bí ó bá kọ ‘ìyá’, ọ̀nà là díẹ̀. Bí ó bá kọ ‘àbúrò ìyá rẹ̀’, ọ̀nà di tóóró. Ìlànà ìwọ̀lú wọn kò ti ilẹ̀kùn pátápátá mọ́ ìbátan tí kì í ṣe òbí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ó ti fi àyè sílẹ̀ pé ìbátan tí ó ní àṣẹ ìgbélùú lè gba ọmọ sọ́dọ̀ bí ìdí pàtàkì bá wà tí kò fi yẹ kí a ti ọmọ náà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wọn ìdí náà wò bóyá ó tó? Òṣìṣẹ́ tí kò rí ọmọ náà rí, tí kò sì mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Àwọn ọ̀rẹ́ obìnrin yìí sì ti gbà á nímọ̀ràn. Wọ́n ní, ‘Kọ ìyá síbẹ̀, jàre. Ṣé ìwọ kọ́ ni ìyá rẹ̀ ni?’

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó gba àròjinlẹ̀. Àwọn tí ó sọ ọ́ kò gbà pé irọ́ ni àwọn ń kọ́ ọ. Lójú tiwọn, èdè ni ó fa wàhálà. Nínú èdè Yorùbá, àbúrò ìyá ẹni, ìyá ẹni ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni, ọmọ ẹni ni. Ẹni tí ó bá ń tẹnu mọ́ ọn láwùjọ pé ‘ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, kì í ṣe ọmọ mi’, àwọn àgbà yóò wò ó tìyanu-tìyanu bí ẹni tí ó fẹ́ tú ẹbí ká. Ẹnìkan ni í bímọ, igba ènìyàn ni í bá a wò ó. Fọ́ọ̀mù Òyìnbó ni kò mọ igba ènìyàn yìí; ẹnìkan tí ó bímọ nìkan ni ó mọ̀. Nítorí náà, wọ́n ní, bí obìnrin yìí bá kọ ‘ìyá’, òtítọ́ ni ó kọ ní èdè tirẹ̀. Bí ó bá di irọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀bi èdè Gẹ̀ẹ́sì ni.

Àwíjàre yìí dùn ún gbọ́. Mo tilẹ̀ mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ èdè yóò dùn sí i, nítorí pé ó fi èdè wa hàn bí èyí tí àánú pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn. Èdè Yorùbá kì í ṣe èdè tí kò mọ ìyàtọ̀. Ó ní iyèkan, ó ní ọbàkan, ó ní ọmọ ìyá, ó ní ọmọ bàbá. Nígbà tí a bá ń tọ́ ọmọ ni a máa ń sọ pé ti gbogbo wa ni. Nígbà tí ogún bá délẹ̀, ẹ wá wo bí a ti í ka ọmọ. Ẹ rántí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940 láìṣe ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́rin ni ó bí ọmọ mẹ́sàn-án fún un. Ohun tí ó di àríyànjiyàn ní ilé ẹjọ́ ni pé ṣé orí-ò-jorí ni kí a fi pín ogún náà, kí ó di ọ̀nà mẹ́sàn-án, àbí ìdí-igi, kí ó di ọ̀nà mẹ́rin. Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí. Ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ yí ìdájọ́ náà padà ní 1958, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù sì fi òǹtẹ̀ lu ìdí-igi ní 1962. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìdí-igi túmọ̀ sí. Nínú agboolé olóbìnrin púpọ̀, ìyá ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń pe gbogbo ìyàwó bàbá rẹ̀ láti kékeré. Síbẹ̀, kò sí ẹyọ ọmọ kan tí kò mọ ìdí igi tí òun ti hù, ní ọjọ́ tí mímọ̀ rẹ̀ bá di dandan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà ìgbéyàwó. Alárinà kì í gba ‘ọmọ wa ni’ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ó fẹ́ mọ ẹni tí ó bí i. Mo tún lè mú àpẹẹrẹ kan wá láti Ìlú Ọba fúnra rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ń kàwé tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ó gbé ọmọ wọn fún àwọn obìnrin Òyìnbó tọ́, tí wọ́n ń sanwó fún wọn. Nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a ti rí àwọn tí ó ń pe obìnrin Òyìnbó náà ní ìyá, tí wọn kò sì mọ ìyá mìíràn. Bí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà bá kọ ‘ìyá’ sórí fọ́ọ̀mù ìjọba, ṣé àwa ni a óò sọ pé òtítọ́ ni ó kọ nítorí pé ó fún ọmọ lóúnjẹ? A óò ké gbàjarè ni.

Ohun tí mo ń wí ni pé ìbéèrè méjì ni ó wà nínú ‘kí ni o jẹ́ sí ọmọ yìí?’ Ọ̀kan ń béèrè ìtọ́jú, èkejì ń béèrè ìdí igi. Nọ́ọ̀sì wa mọ èyí tí òṣìṣẹ́ ń béèrè. Bí ó bá fi ìdáhùn ti ìtọ́jú dá a lóhùn, ní ìrètí pé yóò gbà á bí ti ìdí igi, ó ti mọ̀ọ́mọ̀ tàn án. Èdè kò jẹ̀bi níbẹ̀.

Mo gbọdọ̀ ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí, tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Ìyá kan lè sọ pé ọdún tí ọkọ̀ yí sí ọwọ́ ọ̀tún ni òun bí ọmọ òun, tàbí pé kò pẹ́ sí ìgbà tí a fi náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Ìyẹn kì í ṣe àìmọ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni ọkọ̀ yí sí ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1973 ni náírà dé. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù fẹ́ ọjọ́, ó sì fẹ́ oṣù. Àgbàlagbà tí ó bá lọ búra ní kóòtù, tí ó fi àfojúdá mú ọjọ́ kan, tí ó sì jẹ́wọ́ pé àfojúdá ni, kò purọ́. Ó sọ ìwọ̀n ohun tí ó mọ̀. Ti ẹni tí ó mọ ọjọ́ orí rẹ̀ tí ó sì gé ọdún mẹ́jọ kúrò níbẹ̀ yàtọ̀. (Bí ó ti ń gé e ni àbúrò rẹ̀ tí kò gé tirẹ̀ ń di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìwé, ẹ jẹ́ kí n má sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.)

Àwíjàre kejì kò ti inú èdè wá. Inú ìtàn ni ó ti wá, ó sì gbóná. Àwọn tí ó ń sọ ọ́ ní, ta ni Òyìnbó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi fọ́ Èkó ní 1851? Fọ́ọ̀mù wo ni ó kọ nígbà tí ó mú kí Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó gba Èkó lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1861? Ẹni tí ó wọ ilé onílé láìkan ilẹ̀kùn kò ní ẹnu tí yóò fi máa bi ẹlòmíràn léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀. Wọ́n tún ní, kí òfin 1962 tó dé, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, ọmọ Nàìjíríà kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni kí ó tó wọ Ìlú Ọba láti gbé. Àwọn onílé ni wọ́n yí ìlànà padà nígbà tí wọ́n ti kó èrè tán.

Èmi kò lè sọ pé irọ́ ni ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n gbèsè ìtàn kò sọ irọ́ di òtítọ́. Ohun tí ó lè ṣe jùlọ ni pé kí ó dín ẹ̀tọ́ tí olùbéèrè ní sí òtítọ́ wa kù. Kí a tilẹ̀ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí a gbà pé ọ́fíìsì yìí kò yẹ ní ẹni tí à ń sọ òtítọ́ fún. Ṣé ọ́fíìsì nìkan ni irọ́ náà kàn?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wa bá kọ orúkọ ara rẹ̀ sí àyè ìyá, orúkọ kan wà tí kò ní àyè mọ́. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Òkú kò ní ẹnu tí yóò fi wí pé òun ni òun lóyún, òun ni òun rọbí. Ọmọ yóò dé Lọ́ńdọ̀nù, wọn yóò sì kọ́ ọ pé bí olùkọ́ bá béèrè, bí dókítà bá béèrè àìsàn tí ó wà nínú ìdílé, kí ó má ṣe sọ pé ìyá òun ti kú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni yóò máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń sunkún ìyá rẹ̀, yàrá ni yóò ti sun ún. Bí ó bá dàgbà tí ó fẹ́ gbéyàwó, tàbí tí ó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà fún ọmọ tirẹ̀, yóò tún bá irọ́ náà pàdé, yóò sì ní láti yàn bóyá kí òun náà fọwọ́ sí i. Àwa tí a ń sọ ọmọ ní Yétúndé kí orúkọ ìyá má baà parẹ́, ọwọ́ ara wa ni a fi ń pa á rẹ́ yìí.

Òfin pẹ̀lú ní tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká ẹ̀tàn mọ́ lọ́wọ́ nínú ìbéèrè fún físà lè di ẹni tí wọn yóò máa kọ̀ fún fún ọdún mẹ́wàá. Abala 40 nínú òfin ọmọ-ìlú ti 1981 sì fún ìjọba Ìlú Ọba ní agbára láti gba ipò ọmọ-ìlú padà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fi èrú gbà á. Kì í ṣe ẹ̀rù òfin ni mo fẹ́ fi bà wá. Ẹni tí kò purọ́ nítorí pé ẹ̀rù ń bà á kò tíì níwà nítorí ìyẹn. Mo mẹ́nu kàn án kí a lè rí ẹni tí ewu wà lórí rẹ̀. Ọmọ ni. Òun kọ́ ni ó kọ fọ́ọ̀mù.

Bí mo bá dákẹ́ síbí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tò lórí ìlà rí yóò sọ pé mo gbè sẹ́yìn onífèrèsé jù. Òótọ́ ni yóò sọ. Ẹni tí ó ń béèrè òtítọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe: ó gbọ́dọ̀ lè gbà á nígbà tí wọ́n bá gbé e wá.

Ní 1985, ọ̀ràn ọmọkùnrin kan di ohun tí gbogbo ayé gbọ́. Gánà ni ẹbí rẹ̀ ti wá, Ìlú Ọba ni wọ́n bí i sí, ó lọ gbé ní Gánà, ó sì padà dé. Àwọn òṣìṣẹ́ kò gbà pé ọmọ obìnrin tí ó ní òun ni ìyá rẹ̀ ni. Ìwé àti ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ọdún tí ó ṣáájú ìyẹn ni Alec Jeffreys, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Leicester, ṣàwárí ọ̀nà tí a lè gbà fi ẹ̀jẹ̀ mọ ẹni tí ó bí ni. Wọ́n fi yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, pẹ̀lú ti ìyá rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni. Òtítọ́ ni obìnrin náà ti ń sọ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ní láti bá a sọ ọ́ kí wọ́n tó gbọ́. Mo kí sáyẹ́ǹsì. Síbẹ̀, ìdí igi nìkan ni ẹ̀jẹ̀ mọ̀. Kò lè wí fún ẹnikẹ́ni pé ta ni ó jí lóru nígbà tí ibà mú ọmọ.

Ti àwọn tí à ń pè ní ìran Windrush tilẹ̀ burú ju èyí lọ. Àwọn ará erékùṣù Kàríbíà ni ó pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n ti dé Ìlú Ọba kí Òfin Ìwọ̀lú ti 1971 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1973. Òfin náà gbà pé kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìjọba kò fún wọn ní ìwé tí wọn yóò máa fi hàn. Láti 2012 ni ìjọba ti pinnu láti mú ìlú le koko mọ́ ẹni tí kò ní ìwé: onílé ń béèrè ìwé, agbanisíṣẹ́ ń béèrè, ilé ìwòsàn ń béèrè. Àwọn àgbàlagbà tí ó ti ń san owó orí láti ọ̀pọ̀ ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù iṣẹ́ àti ilé. Wọ́n ti àwọn kan mọ́lé. Wọ́n dá àwọn mìíràn padà sí erékùṣù tí wọ́n ti fi sílẹ̀ ní kékeré. Àwọn káàdì tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ẹni tí ó bá ti inú ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀, tí ìbá jẹ́rìí fún wọn, iléeṣẹ́ ìjọba náà fúnra rẹ̀ ti pa púpọ̀ nínú wọn run ní 2010. Nígbà tí àṣírí tú ní 2018, mínísítà fi ipò sílẹ̀, olórí ìjọba sì tọrọ àforíjì. Àwọn wọ̀nyí kò purọ́ rárá. Kò sí ìbátan kankan tí wọ́n sọ lójú lóró. Òtítọ́ ni wọ́n gbé dé ojú fèrèsé, wọ́n sì bi wọ́n pé ìwé rẹ̀ dà.

Kí a má sì dá Òyìnbó nìkan lẹ́bi. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, tàbí kí ó di ẹrù rẹ̀. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà, tí wọ́n ti bí ọmọ sí Kùmásí àti Tàmálè, di àlejò lójijì. Ní oṣù kìn-ín-ní 1983, ó kan àwa náà: ìjọba Ṣàgàrí fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé, tí àwọn ará Gánà pọ̀ jù nínú wọn, ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Orúkọ tí a fi sọ báàgì tí wọ́n di ẹrù sí kò tíì kúrò lẹ́nu wa títí di òní. Àwa náà ti jókòó sẹ́yìn fèrèsé rí, a kò sì gbọ́ àlàyé.

Láyé àtijọ́, àlejò tí ó bá dé ìlú wa a máa wá onílé tí yóò mú un lọ bá baálẹ̀. Kì í ṣe pé ìlú kì í béèrè ọ̀rọ̀. Ó ń béèrè, nígbà mìíràn tagbára-tagbára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìlú mọ̀ ni ó ń bá àlejò dáhùn, àyè sì wà láti ṣàlàyé ju ìka ọwọ́ kan lọ. Owó ni ó rọ́pò onílé náà lónìí. Ní 2024, £2,885 ni ẹnìkan ń san kí wọ́n tó ka ìbéèrè rẹ̀ fún àṣẹ ìgbélùú títí ayé, wọn kì í sì í dá a padà nítorí pé wọ́n kọ̀. Nígbà tí ọdún náà parí, káàdì tí àlejò ń mú lọ́wọ́ pàápàá kógbá sílé. Inú kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rí wà báyìí. Páálí tí àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù ń sọ kì í ṣe páálí mọ́.

Kí wá ni kí nọ́ọ̀sì wa kọ? Èrò tèmi ni pé kí ó kọ ‘àbúrò ìyá rẹ̀’, kí ó sì fi lẹ́tà tì í tí yóò sọ gbogbo ohun tí ààyè kékeré náà kò gbà: ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, bí ojú ìyá àgbà ti rí, bàbá tí a kò rí mọ́, owó tí ó ti ń fi ránṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá wá àti ìwé ẹ̀rí wọn. Wọ́n lè kọ̀ fún un. N kò ní tàn án. Àwọn tí ó rọrùn fún jù láti ní kí ènìyàn sọ òtítọ́ ni àwọn tí òtítọ́ náà kò ní ná ní kọ́bọ̀, àwa olùkọ́ àti òǹkọ̀wé sì wà lára wọn.

Nítorí náà ni mo ṣe ń béèrè ibi tí igba ènìyàn náà wà. Inú òwe yẹn ni a ti yọ àwíjàre tí a fi fẹ́ kí ó purọ́. Ó yẹ kí a lè bá wọn nílé nígbà tí ó bá kọ̀ láti purọ́. Bí ìdáhùn bá dé pé kò ṣeé ṣe, ọmọ ṣì ní láti sùn ní ibì kan ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó yẹ kí àbúrò bàbá kan tàbí ẹ̀gbọ́n kan wà tí yóò gbà á sílé, tí kì í ṣe pé yóò máa retí owó Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó fún un lóúnjẹ. Ó yẹ kí ẹlòmíràn mú ìyá àgbà lọ sí ilé ìwòsàn ojú, kí ẹlòmíràn sì máa yọjú sí ilé-ìwé nígbà tí wọ́n bá pe òbí. Kí nọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú wá lọ́dún tí ó bá rí àyè, kí ó jókòó ti ọmọ náà, kí ó ka lẹ́tà tí ó kọ sí ọ́fíìsì sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìyá rẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, kí ọmọ má baà dàgbà tán kí ó máa rò pé wọn kò fẹ́ òun ni.